Ìbẹ̀rẹ̀ WordPress, Ọmọ tí b2 Fi Sílẹ̀

Bí ẹni tí ó dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ bá pa á tì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n ti gbára lé iṣẹ́ náà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun láàrin àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003, ó dojú kọ àwọn tí ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ b2.

Michel Valdrighi, tí ń gbé ní erékùṣù Corsica ní ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ b2 ní ọdún 2001. Kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó dé, iṣẹ́ àṣelàágùn ni kí ènìyàn máa gbé àpilẹ̀kọ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òǹkọ̀wé ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to àmì HTML sí ara ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tún gbogbo ojú ìwé tí ó tọ́ka sí i ṣe. b2 mú ìyà yìí kúrò. Òǹkọ̀wé yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú àpótí kan lójú kọ̀ǹpútà, yóò tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ náà yóò sì wọ inú àká tí à ń pè ní MySQL lọ. Nígbà tí òǹkàwé bá dé, àwọn àṣẹ tí a fi èdè PHP kọ ni yóò mú un jáde, tí wọn yóò sì to ojú ìwé náà lójú ẹsẹ̀. Movable Type, ètò mìíràn tí ó lókìkí nígbà náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń to àwọn ojú ìwé sílẹ̀ ṣáájú ni, nítorí náà àyípadà kékeré lè mú kí a tún ọ̀pọ̀ wọn tò.

Nígbà tí ọdún 2003 fi wọlé, àwọn tí ń lo b2 kò gbúròó Valdrighi mọ́ fún oṣù mélòó kan. Àléébù tí a bá rí lára ètò náà kò ní ẹni tí yóò dí i. Ohun tí ó kó b2 yọ ni ìwé àṣẹ tí ẹni tí ó kọ ọ́ fi gbé e jáde, èyí ni GPL, tí Richard Stallman kọ́kọ́ kọ ní ọdún 1989. Ìwé náà fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti lo ètò, láti ka bí a ti ṣe kọ ọ́, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pín èyí tí ó túnṣe kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ kan náà du àwọn tí ó gbà á. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé àìsanwó ni kókó ọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sanwó kí wọ́n tó lo Movable Type, síbẹ̀ àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Six Apart, ilé iṣẹ́ tí ó ni ín. Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó bá wà nínú ọgbà tí a tì pa, ta ni yóò rí ọmọ rẹ̀ lọ́?

Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2003, Matt Mullenweg, ọmọ ọdún 19 tí ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ síta pé òun ń rò ó láti mú b2 kí òun sì máa bá a lọ. Ó fi kún un pé bí òun náà bá tilẹ̀ pòórá lẹ́yìn ọdún kan, iṣẹ́ náà kò ní ṣègbé, ẹlòmíràn yóò lè gbé e. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti jẹ́ kí ènìyàn retí lọ. Mike Little, ará Stockport ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá a lóhùn pé bí ó bá dá a lójú, òun ṣe tán láti ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ Mullenweg kan, Christine Selleck Tremoulet, ni ó sọ ètò náà ní WordPress.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2003. Wọn kò pè é ní 1.0, 0.7 ni wọ́n pè é, nítorí pé 0.6 ni b2 kà dé. Orúkọ b2 sì ṣì wà lára ọ̀pọ̀ fáìlì rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ọmọ b2: François Planque ti mú b2evolution jáde, Donncha Ó Caoimh sì ní b2++. Nígbà tí Valdrighi padà yọjú, WordPress ni ó kéde pé ó jẹ́ àrólé b2.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2004, Six Apart gbé àdéhùn tuntun jáde fún Movable Type, tí ó fi ààlà sí iye òǹkọ̀wé àti iye ìkànnì tí ènìyàn lè ní láìsanwó. Inú bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò ó, wọ́n sì kó ẹrù wọn wá sí WordPress. Ní oṣù yẹn gan-an ni ẹ̀dà 1.2 jáde, ó sì bá wọn lára mu. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ohun tuntun kún ètò náà ní láti la inú rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ yí àwọn àṣẹ rẹ̀ padà. Nígbà tí ẹ̀dà titun bá dé, yóò pa gbogbo làálàá rẹ̀ rẹ́. Nínú 1.2, a ṣe ìkọ́ sí àwọn ibi kan nínú ètò náà, kí ẹnikẹ́ni lè fi iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ síbẹ̀ láìfọwọ́ kan igi àárín ilé. A tún ya ọ̀rọ̀ tí olùlò ń kà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àṣẹ, kí a lè túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn. Ẹ̀dà 1.5, ní oṣù kejì ọdún 2005, ya ìrísí ojú ìwé náà sọ́tọ̀, ó di aṣọ tí a lè bọ́ kí a sì wọ òmíràn.

Nínú fáìlì ìwé àṣẹ tí ó ń bá WordPress rìn títí di òní, ìlà kan wà níbẹ̀ tí ó sọ pé Michel Valdrighi ni ó ni b2, ní ọdún 2001 àti 2002.