ṢÚGÀ TÍ Ń JẸ́RÌÍ

Bí iná bá jó ènìyàn, ara yóò sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtànṣán kan ń bẹ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó lè la ara kọjá kí ènìyàn má sì mọ̀. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ a máa so ohun ìwọ̀n mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n bí jàǹbá bá bá ará ìlú nínú ilé rẹ̀, kí ni a ó fi mọ iye tí ó gbà? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ṣúgà inú agolo lè dáhùn.

Kábọ́ọ̀nù, háídrójìn àti ọ́síjìn ni a fi dá ṣúgà, àwọn kan náà sì pọ̀ nínú ara wa. Nítorí náà, ohun tí ìtànṣán ń ṣe sí ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó ń ṣe sí èkejì. Nínú ṣúgà, àwọn ohun tíntìntín tí à ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nì a máa wà ní méjì méjì. Ìtànṣán a máa já ìdè wọn, àwọn mìíràn a sì di anìkanwà. Nítorí pé hóró ṣúgà gbẹ, ó sì le, wọn kò rí àyè lọ wá ẹnìkejì. Ibẹ̀ ni wọn ó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ìtànṣán bá ti pọ̀ tó ni wọn ó pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí omi bá yọ́ ṣúgà náà, ẹ̀rí parẹ́.

Ní ọdún 1944, ní Kazan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Yevgeny Zavoisky rí ọ̀nà àtimọ̀ wọ́n. A ó fi ṣúgà sí àárín òòfà ńlá, a ó sì rán ìgbì tí ó jọ ti rédíò sí i. Àwọn anìkanwà yóò gbà nínú agbára ìgbì náà, iye tí wọ́n bá gbà ni à ń kà. Lẹ́yìn náà, a ó fi ìtànṣán tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ṣúgà mìíràn, a ó sì fi wọ́n wéra. Gray ni orúkọ òṣùwọ̀n náà. Bí gbogbo ara bá gba nǹkan bí Gray 4 lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìtọ́jú, ìdajì àwọn tí ó gbà á lè kú.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Chernobyl ní ilẹ̀ Ukraine bú gbàmù. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ará Pripyat, ìlú tí ó wà nítòsí rẹ̀, tí wọ́n tó nǹkan bí 49,000, fi ilé wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jàpáánù tẹ ìwé jáde lórí bí wọ́n ti fi ṣúgà díwọ̀n ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí gbà.

Síbẹ̀, ibi tí ṣúgà wà nìkan ni ó lè jẹ́rìí sí. Kò mọ̀ bí onílé jáde lọ sí ìgboro. Bí ìtànṣán bá sì kéré jọjọ, kò lè kà á dáradára. Nítorí náà, a ní láti bi ènìyàn léèrè ibi tí ó wà àti bí ó ti pẹ́ tó níbẹ̀. Bí irú àjálù bẹ́ẹ̀ bá dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ṣúgà nù, kí ó má sì jẹ́ kí omi kàn án. Kí ó kọ ibi tí agolo náà wà sílẹ̀. Nípa rẹ̀ ni oníṣègùn lè mọ ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ sáré tọ́jú.