Ẹ má fi ìfẹ́ ba ọwọ́ ọmọ yín jẹ́ lẹ́yìn ìjàǹbá

Bí ọ̀kadà bá gbá èèyàn, tàbí tẹ́nì kan já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tí eegun ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, tí tọwọ́ tẹsẹ̀ ò ṣeé gbé mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu ẹbí: "Dókítà, ṣé á tún rìn?" N ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ta ló ti bi ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an léèrè?

Kim Anderson, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, béèrè lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2004. Nínú àwọn tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, àwọn tó ní ọwọ́ làwọn fẹ́ kó kọ́kọ́ padà sípò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ìrìn kọ́ ló gba ipò kìíní. Kò yà mí lẹ́nu. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tó lè fi ṣíbí jẹun fúnra rẹ̀, tó lè tẹ fóònù, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí wọ́n ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí ò mọ̀ rèé o: ìka lè má ṣiṣẹ́ mọ́, kí ọwọ́ ṣì lè di nǹkan mú. Ẹ dán an wò lára yín. Ẹ gbé ìgúnpá lé tábìlì, kẹ́ ẹ na ọwọ́ sókè, kẹ́ ẹ dẹ ìka. Ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ síwájú: ìka á là fúnra wọn. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn: ìka á ká, àtàǹpàkò á sún mọ́ ìka ìfábẹ̀lá. Okùn iṣan tó ti apá gba ọrùn ọwọ́ lọ sí ìka ló fà á. Ẹni tó rọ, àmọ́ tó ṣì lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè, lè fi ọgbọ́n yìí mú ṣíbí tàbí bírò.

Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ wa ti ń ṣe jàǹbá. Ìyá á jókòó ti ọmọ rẹ̀, á fi òrí pa á lọ́wọ́, á na ìka gbọọrọ, á tún tẹ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn, kí ọwọ́ má baà ká kò. Àánú ló ń ṣe é. Àmọ́ bí okùn iṣan yẹn bá fà jù, ó di rọ́bà tó ti dẹ̀. Ìka ò ní ká mọ́, ìwọ̀nba tí ọmọ fi ń di nǹkan mú á sì lọ.

Mi ò ní kẹ́ ẹ fi ọwọ́ náà sílẹ̀ o. Oríkèé gbọ́dọ̀ máa mì lójoojúmọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á gan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ na ìka, ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ síwájú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ìka ká. Ẹ má ṣe méjèèjì pọ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà wà. Lọ́dún 2019, Dókítà Natasha van Zyl àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, gbé èsì tiwọn jáde: wọ́n mú iṣan tó ṣì ń gbé àṣẹ ọpọlọ, wọ́n so ó mọ́ èyí tí kò gbé e mọ́, fún èèyàn 16. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ń fi ọwọ́ di nǹkan mú. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ ìdádúró.

Ẹ̀bẹ̀ mi sáwọn ọsibítù wa ni pé kí wọ́n má dá aláìsàn padà sílé láì kọ́ ẹbí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọwọ́. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba owó ńlá. Ẹ̀yin ẹbí náà, tẹ́ ẹ bá ti béèrè ìrìn tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ọwọ́.