Ṣé O Mọ̀? Ilẹ̀ Pòtétò Kì Í Ṣófo

Ní Ìlú Ọba, oṣù kẹta ni wọ́n ń gbin pòtétò tó ń tètè ta. Tó bá fi máa di ìparí oṣù kẹfà, wọ́n ti ń wà á jẹ. Ìgbà ooru ṣì pọ̀ nílẹ̀. Kí ló kàn láti gbìn? Gbọ́ ná!

• Ṣé o mọ̀ pé inú ihò tí wọn ò ní dí ni wọ́n ń gbin líìkì, ìbátan àlùbọ́sà, sí? Wọ́n á fi igi dá ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, wọ́n á ju ọmọ líìkì kan sí i, wọ́n á bu omi lé e, ó parí!

• Ṣé o mọ̀ pé tòmátò ni kò yẹ kó tẹ̀lé pòtétò? Ẹbí kan náà ni wọ́n, àti ata, àti ikàn, àní àti tábà! Àrùn tó ń jẹ ewé tòmátò àti pòtétò náà ló dá ìyàn ńlá sílẹ̀ ní Ireland ní 1845, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn fi kú.

• Gbà á gbọ́: kábéèjì kórìíra ilẹ̀ tó rọ̀ jù. Fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ pòtétò mọ́lẹ̀ kí o tó gbìn ín. Nígbà tó bá mú, fa ewé rẹ̀ kan: bí ewé bá já tí igi ò tu, o gbìn ín dáadáa.

• Pòtétò ò kọ ilẹ̀ kíkan. Kábéèjì ní òkúta ẹfun lúbúlúbú lòun fẹ́. Ó nídìí: ẹfun kì í jẹ́ kí àrùn tó ń sọ gbòǹgbò kábéèjì di kókó gbilẹ̀, àrùn tó lè lúgọ sínú ilẹ̀ fún ogún ọdún!

• Ta ló ní ẹ̀fọ́ ò mọ aago? Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ojúmọ́ Lọ́ńdọ̀nù ń lo wákàtí 16 àti ààbọ̀, ti Èkó ò ju 12 àti ààbọ̀ lọ. Pak choi, ẹ̀fọ́ àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n bá gbìn kí ọjọ́ yẹn tó kọjá a máa sáré yọ òdòdó. Èyí tó bá dúró dẹ̀yìn rẹ̀ á fara balẹ̀ yọ ewé.

• Létúùsì ńkọ́? Bí ooru ilẹ̀ bá ju 25°C lọ, irúgbìn rẹ̀ a máa sùn fọnfọn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o gbìn ín.

• Oníwàdùwàdù, tìẹ rèé: pòtétò tó ń tètè ta ń lo ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 nínú ilẹ̀, rádíìṣì ò lò ju bíi mẹ́rin lọ!

• Bí o bá gbin ẹ̀wà tẹ̀lé pòtétò, tí o sì ká a tán, má fà á tu o! Gé e nídìí: oúnjẹ ilẹ̀ wà nínú àwọn kókó wínníwínní ara gbòǹgbò rẹ̀.

• Ṣé o mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ wà lóko Ìlú Ọba? Àwọn ará Jàmáíkà tó wà níbẹ̀ ò lè ṣe kí wọ́n má gbìn ín. Ìrì dídì ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó láti pa á. Ìrì yẹn kan náà ló sì ń mú kale, ìbátan kábéèjì, dùn sí i!

• Brókólì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n gbìn lóṣù keje, ó di oṣù kejì sí ìkẹrin ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ṣé o lè dúró?

• Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń gbin pòtétò míì lóṣù kẹjọ, kí wọ́n lè rí i jẹ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n inú àpò tàbí ìkòkò ni o, kì í ṣe ojú ilẹ̀ àná!