Iṣẹ́ Àṣetiléwá, Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Oyè: Ẹ̀kọ́ Lára Linus Torvalds

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìjíròrò ti òní kan gbogbo ẹni tí ń kọ́ni àti gbogbo ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: kí ni ó so iṣẹ́ tí olùkọ́ ń yàn fún akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí ayé yóò fi mọ akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́yìn ọ̀la?

Bí ẹni tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà bá ń wá iṣẹ́, ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń bá nínú ìwé tí ó bá kọ nípa ara rẹ̀. Èkínní ni àwọn ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ní ilé-ìwé. Èkejì ni àwọn ètò tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ẹ̀kẹta ni àwọn oyè àti ìyìn tí ó ti gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí àtẹ̀gùn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, pé bí ènìyàn bá ti gun ti ìsàlẹ̀ tán ni yóò gun èyí tí ó tẹ̀ lé e, tí yóò sì bá oyè lókè. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn Linus Torvalds, ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni ètò kọ̀ǹpútà?

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ṣe àlàyé díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní làákàyè ti ara rẹ̀. Ohun tí a bá pa láṣẹ fún un ni yóò ṣe, gẹ́lẹ́ bí a bá sì ṣe pa á láṣẹ ni yóò ṣe é. Àkójọ àṣẹ bẹ́ẹ̀, tí a kọ ní ẹsẹẹsẹ, ìlà lẹ́yìn ìlà, ni à ń pè ní ètò. Èdè tí a dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà ni a fi ń kọ ọ́. Àwọn èdè wọ̀nyí ní gírámà tiwọn, gírámà wọn sì le ju ti èdè ènìyàn lọ. Bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ sí ènìyàn, yóò fi òye gbé ohun tí a ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí àmì kan ṣoṣo bá ṣìnà nínú ètò, gbogbo iṣẹ́ lè dúró.

Oríṣiríṣi ni ètò. Òmíràn wà fún ìṣirò owó, òmíràn wà fún kíkọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó jẹ́ adarí fún gbogbo wọn. Òun ni ó ń pín àyè fún àwọn yòókù, òun ni ó ń sọ èyí tí ó kàn láti ṣiṣẹ́, òun náà ni ó sì ń bójú tó ibi tí a ń kó ìwé pamọ́ sí nínú ẹ̀rọ náà. Bí baálé ti rí nínú agbo ilé ni ètò adarí rí nínú kọ̀ǹpútà. Irú ètò yìí ni Torvalds kọ.

Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì

Ọjọ́ 28, oṣù kejìlá, ọdún 1969 ni a bí Torvalds ní ìlú Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, láàárín àwọn ará ibẹ̀ tí èdè Swedish jẹ́ èdè abínibí wọn. Bàbá tí ó bí ìyá rẹ̀, Leo Törnqvist, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Helsinki. Bàbá àgbà yìí ni ó ra kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ń jẹ́ VIC-20, orí rẹ̀ sì ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ètò kíkọ nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 11.

Ó wọ Yunifásítì Helsinki ní ọdún 1988, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológun tí òfin ilẹ̀ wọn là sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1990, ó kọ́ ẹ̀kọ́ lórí èdè C àti lórí Unix, ètò adarí kan tí àwọn yunifásítì ń lò lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà náà. Ní ọdún yìí kan náà ni ó ka ìwé tí Andrew Tanenbaum, olùkọ́ àgbà ní yunifásítì kan ní ìlú Amsterdam, tẹ̀ jáde ní ọdún 1987. Tanenbaum kò fi ìwé nìkan mọ. Ìwé àṣẹ tí ó de Unix kò gba olùkọ́ láyè mọ́ láti máa tú inú rẹ̀ han akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì. Nítorí náà ni ó ṣe jókòó kọ ètò adarí kékeré tirẹ̀, MINIX, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú ara wọn rí bí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn: iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ro ilẹ̀ tí Torvalds gbin nǹkan sí.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ kò yàn

Ní oṣù kìíní ọdún 1991, Torvalds ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó sì gbé MINIX sí i. Ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi máa jókòó sílé kí ó sì máa lo kọ̀ǹpútà yunifásítì. Èyí tí MINIX ní fún iṣẹ́ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ tirẹ̀. Nǹkan kékeré ni ó fi bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ méjì tí ń gba àyè fún ara wọn, tí ọ̀kan ń kọ lẹ́tà A sójú kọ̀ǹpútà, tí èkejì ń kọ lẹ́tà B. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ kí ètò náà lè kó ìwé pamọ́. Ó kọ èyí náà kún un. Bí àìní kan ti ń bí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ètò náà ń gbòòrò, títí ó fi di ètò adarí.

Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, ó kọ̀wé sí àwọn tí ń lo MINIX pé òun ń kọ ètò adarí kan fún ìgbádùn ara òun, ó sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́ nínú MINIX. Ní oṣù kẹsàn-án, ó gbé ètò náà síta. Kò ju nǹkan bí 10,000 ìlà lọ, kò sì tí ì pé. Linux ni orúkọ tí ó wá mọ́ ọn lára.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992, ó fi Linux sábẹ́ ìwé àṣẹ tí Richard Stallman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà. Ìwé àṣẹ yìí gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo ètò, láti ka inú rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tún un ṣe tí ó sì ń pín in kò gbọdọ̀ fi àtúnṣe rẹ̀ pamọ́. Àwọn Yorùbá ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Láti ìgbà náà ni ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ti ń wọnú iṣẹ́ ọmọ ọdún 22 yìí láti ilẹ̀ púpọ̀.

Olùkọ́ tí kì bá má fún un ní máàkì

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 1992 kan náà, Tanenbaum fúnra rẹ̀ kọ̀wé síta pé Linux ti di ohun àtijọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀sùn méjì ni ó fi kàn án. Èkínní, odindi kan ni wọ́n kọ ọ́, dípò kí wọ́n pín in sí wẹ́wẹ́ kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè dá dúró. Èkejì, irú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó tilẹ̀ ní kí Torvalds máa dúpẹ́ pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ òun, nítorí máàkì rẹ̀ kì bá tí ga. Torvalds fèsì pẹ̀lú ìbínú, lẹ́yìn náà ni ó tọrọ àforíjì nítorí ohùn tí ó fi sọ̀rọ̀.

Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì? Ní ti ẹ̀sùn kìíní, Linux kò pa ìlànà rẹ̀ dà títí di òní, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀sùn kejì, olùkọ́ rí àléébù tí ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1995, Linux ti ń ṣiṣẹ́ lórí oríṣi ẹ̀rọ mìíràn. Àpilẹ̀kọ tí Torvalds kọ fún oyè másítà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún 1997, sì dá lórí Linux gẹ́gẹ́ bí ètò adarí tí a lè gbé láti orí ẹ̀rọ kan lọ sórí òmíràn. Ohun tí olùkọ́ Amsterdam fi tako ètò náà ni akẹ́kọ̀ọ́ Helsinki fi kọ àpilẹ̀kọ gboyè. Ẹ tún kíyè sí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ti fi ọdún bí i márùn-ún ṣáájú àpilẹ̀kọ.

Oyè àti ìyìn

Ní ọdún 2005, àwọn tí ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí Linux ti pọ̀ gan-an. Ohun èlò tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àtúnṣe bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín kò gbà wọ́n láyè mọ́ láti lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni Torvalds bẹ̀rẹ̀ Git, ètò tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tí ó ṣe àtúnṣe, ohun tí ó tún ṣe, àti ìgbà tí ó ṣe é. Láàárín oṣù díẹ̀, ó fa ìtọ́jú rẹ̀ lé Junio Hamano lọ́wọ́.

Ní ọdún 2012, wọ́n fún Torvalds ní ẹ̀bùn ńlá kan ní ilẹ̀ Finland, Millennium Technology Prize, tí òun àti Shinya Yamanaka, onímọ̀ ìṣègùn ará Japan, jọ gbà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, Linux ni ó ń darí gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tí a kà sí èyí tí ó yára jù lọ láyé. Àwọn tẹlifóònù Android tí ó kún ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ìpìlẹ̀ wọn lé.

Kí ni kí á dì mú?

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí tí ó sọ pé ilé-ìwé kò wúlò, kò gbọ́ ọ yé. Bí kò bá sí ìwé Tanenbaum, bí kò bá sí ẹ̀kọ́ lórí C àti Unix, kò sí ibi tí Linux ìbá gbà wá. Ṣùgbọ́n máàkì kọ́ ni ó sọ ètò náà di ńlá. Títún tí àwọn ẹlòmíràn ń tún un ṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀dọ̀ ara wa. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa dá nìkan ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀; bí ó bá parí, yóò dì í ní ìdì tó lẹ́wà; olùkọ́ yóò kà á, yóò fún un ní máàkì, yóò sì gbé e sórí pẹpẹ. Ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò tún rí ẹni ṣí i. Kí ló dé tí a kò lè gbé iṣẹ́ àwọn tí ó jáde lọ́dún tó kọjá fún àwọn ti ọdún yìí, kí a ní kí wọ́n wá àléébù rẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀? A lè fún wọn ní máàkì lórí bí wọ́n ti ṣe àtúnṣe, àti lórí bí wọ́n ti gba àtúnṣe lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí tí ó ṣòro jù wà. Máàkì tí kò ga lè pa ìtara ọmọ, kó má sì kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tanenbaum sọ pé ètò náà burú, ó sọ ibi tí ó ti burú. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rí ìdajì kejì lò. Nígbà mìíràn tí a bá fẹ́ kọ 40 sí iwájú ìwé ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí á kọ ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.