Màmá Freda Ahenakew: Ẹni Tó Gba Ohùn Àwọn Ìyá Àgbà Sílẹ̀

Ní èdè àwọn Cree ti orílẹ̀-èdè Kánádà, tí èèyàn bá fẹ́ dárúkọ ìyá àgbà, ó sábà máa ń sọ ẹni tó ni ín mọ́ ọn. Nôhkom ni ìyá àgbà mi, kôhkom ni ìyá àgbà rẹ. Ṣe ni ọ̀rọ̀ náà so ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ pọ̀. Màmá Freda Ahenakew, tó di olóògbé lọ́dún 2011 lẹ́ni ọdún 79, ṣiṣẹ́ kára kí okùn yẹn má bàa já.

Ó sì fẹ́ẹ̀ já. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di àwọn ọdún 1990, ìjọba Kánádà àtàwọn ṣọ́ọ̀ṣì kó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó lé ní 150,000 lọ sílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé, tó jìnnà sí òbí wọn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n máa ń fìyà jẹ ọmọ tó bá fi èdè abínibí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá pẹ́ níbẹ̀ lè padà sílé kó má gbọ́ ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ ń sọ mọ́. Ọdún 2008 ni Stephen Harper, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn, tó tọrọ àforíjì lórúkọ orílẹ̀-èdè náà.

Àgbègbè Ahtahkakoop ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ni wọ́n bí Màmá Freda sí lọ́dún 1932. Wọ́n lọ́kọ, wọ́n sì bí ọmọ 12. Àwọn ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé nígbà tí màmá wọn padà sí kíláàsì láti parí ẹ̀kọ́ girama. Wọn ò dúró síbẹ̀. Lọ́dún 1984, wọ́n gboyè kejì ní Yunifásítì Manitoba lórí gírámà èdè Cree. Ìwé tí wọ́n kọ fún oyè náà jáde lọ́dún 1987.

Ṣùgbọ́n gírámà nìkan kò lè pa ìtàn fọ́mọdé. Màmá Freda gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, wọ́n lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà, wọ́n sì tẹ́tí sílẹ̀. Àwọn àti Ọ̀jọ̀gbọ́n H. C. Wolfart wá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí àwọn màmá náà ṣe sọ ọ́. Lọ́dún 1992, ìtàn ìgbésí ayé àwọn obìnrin méje jáde ní Cree àti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń dẹ okùn fún ehoro, bí wọ́n ṣe ń já èso nínú igbó, bí wọ́n ṣe lọ́kọ àti bí wọ́n ṣe tọ́mọ. Ọ̀kan nínú wọn, Glecia Bear, sọ bí òun àti àbúrò òun ṣe sọnù sínú igbó nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Kôhkominawak otâcimowiniwâwa ni wọ́n pe ìwé náà ní Cree, ìyẹn ìtàn àwọn ìyá àgbà wa. Oríṣi “wa” méjì ló wà nínú èdè náà. Ọ̀kan yọ ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èkejì kà á mọ́ ọn. Èyí tó kà á mọ́ ọn ló wà lára ìwé yìí. Ọmọ Cree tó bá ṣí i, kódà bí wọn ò bá bá a sọ èdè náà nílé, òun náà lọ́mọ-ọmọ.

Lọ́dún 1998, orílẹ̀-èdè náà fi oyè Order of Canada dá Màmá Freda lọ́lá. Lónìí, kò sí èdè ìbílẹ̀ tí iye èèyàn tó ń sọ ọ́ ní Kánádà tó ti Cree.

Bí ìyá àgbà bá ṣì wà nílé yín, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà nínú fóònù. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá béèrè ohun ńlá. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń pọnmi nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ọbẹ̀ tí ìyá wọn mọ̀ ọ́n sè jù, àtẹni tó gbẹ̀bí wọn. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi èdè tiwọn dáhùn.