Ọ̀gá Mẹkáníìkì àti Ìdí Ọkọ̀ ní Kàdúná

Ní àkókò òjò, nígbà tí odò Kàdúná, tí ó fún ìlú náà lórúkọ, bá kún àkúnya, tí omi sì ya wọ àdúgbò Kabala Doki tí ó wà létí rẹ̀, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń dán gbinrin kì í sábà rọ́nà kọjá nínú ẹrẹ̀ tí omi náà bá fi sílẹ̀. Èyí tí ìdí rẹ̀ le, tí ó sì ga kúrò nílẹ̀, ni ó ń kọjá. Ẹni tí ó ń sọ ọkọ̀ di alágbára bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mẹkáníìkì, ọmọ Ògún lákáayé, ẹni tí a kì í kà mọ́ àwọn olóyè ìlú, síbẹ̀ tí olóyè pàápàá ń bẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú sójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kàdúná. Ọdún 1972 ni ìjọba àpapọ̀ àti Peugeot ti ilẹ̀ Faransé tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, nígbà tí ó sì di 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní ìlú náà. Láìpẹ́ Peugeot 504 di ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ìjọba àti ti èrò ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí ààyè nílé-iṣẹ́ náà kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní ọjà Panteka àti láwọn ọgbà mẹkáníìkì gbogbo, wọ́n ń sìn ín fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gba òmìnira. Ní 1980, ní Alsace nílẹ̀ Faransé, Henry Dangel mú 504 kan náà, ó gbé e ga, ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó lè máa tọ ọ̀nà oko.

Nínú ìdí ọkọ̀ yìí, ásùlù ni ọ̀pá irin gbọọrọ tí ó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì. Ní àárín rẹ̀ ni dífírẹ́ńṣà wà, ilé gíà tí ó wú síta bí ìkòkò. Níhìn-ín ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, nítorí agbára a máa jẹ gíga: gíà tí ó bá lágbára a máa tóbi, ilé rẹ̀ yóò sì rọ̀ sílẹ̀ sí i. Gíà ńlá inú ásùlù tí a ń pè ní Dana 44 tó ìwọ̀n íǹṣì 8.5 ní fífẹ̀; ti Dana 60, tí ó lágbára jù ú lọ, jẹ́ 9.75. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sípíríǹgì gíga yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ nìkan ni irú èyí ń gbé sókè. Dífírẹ́ńṣà yóò wà níbi tí ó wà. Lórí irú ásùlù bẹ́ẹ̀, táyà nìkan ni ó lè gbé e, táyà tí ó bá sì fi íǹṣì 4 ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, íǹṣì 2 péré ni ó ń gbé e sókè, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi kún ipá tí ń lọ́ ṣáàfù, ọ̀pá inú ásùlù tí ó ń yí táyà, ó sì lè ṣẹ́ ẹ.

Nítorí náà ni ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ fi ń bi ara rẹ̀ pé, kí ni ó ru ẹrù? Nínú irú ásùlù kan, ṣáàfù ni ó ń yí táyà, òun náà ni ó sì ru ọkọ̀. Bí ó bá ṣẹ́, táyà lè yọ dànù. Nínú èkejì, irú èyí tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù àti lẹ́yìn ọ̀pọ̀ Land Cruiser 70 tí Toyota ń ṣe láti 1984, ilé ásùlù ni ó ru ẹrù, ṣáàfù kò sì níṣẹ́ méjì. Bí ó bá ṣẹ́, táyà yóò dúró sípò rẹ̀.

Irú kẹta tún wà, tí a fi gíà kékeré sí ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀pá ásùlù fi wà lókè àárín táyà. Volkswagen lò ó fún ọkọ̀ ológun Kübelwagen nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà lára bọ́ọ̀sì wọn títí di 1967, Mercedes-Benz sì lò ó fún Unimog. Ó ga ní ti gidi. Ṣùgbọ́n ó wúwo, owó rẹ̀ le, bíárìn àti epo tí a ó máa tọ́jú sì pọ̀ sí i.

Ibi tí a ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí aláfẹnujẹ́ ni ìbéèrè: ẹrù wo ni ọkọ̀ yóò máa gbé, irú ọ̀nà wo ni yóò máa tọ̀, níbo ni a ó ti rí ẹ̀yà rẹ̀ bí ó bá ṣẹ́? Àwọn àgbà ní ìdí ni a ti ń gun igi. Fún ẹni tí ń gbé Kabala Doki, ásùlù tí ilé rẹ̀ ru ẹrù, tí ẹ̀yà rẹ̀ wà lọ́jà, pẹ̀lú táyà tí ó fi díẹ̀ tóbi, yóò tó. Kí ó sì fi rọ́bà gbọọrọ gbé ihò atẹ́gùn ásùlù sókè, nítorí irin gbígbóná tí ó bá wọ omi tútù a máa fa omi náà wọlé. Bí epo dífírẹ́ńṣà bá sì ti di funfun lẹ́yìn ìkún-omi, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó tún rìn.