Ọsán àti Ọrun: Ọ̀rọ̀ fún Ìṣirò Òbìrìkìtì

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nípa òbìrìkìtì ti ń bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lè mú kí iṣẹ́ àṣetiléwá ṣòro ju ìṣirò inú rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ìlà tí ó so ojú méjì pọ̀ ní etí òbìrìkìtì. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì lè pè é ní okùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó ti wá túmọ̀ sí okùn tí a fi ìfun ẹran ṣe. Ṣùgbọ́n okùn lè dẹ̀, ó sì lè ká. Ìlà yìí kò gbọdọ̀ dẹ̀. Ohun èlò ọdẹ ni ó bá a mu jù: ọsán, tí a fà le láti orí kan ọrun dé orí kejì. Apá etí òbìrìkìtì tí ọsán gé yóò sì máa jẹ́ ọrun. Ọsán já, ọrun dọ̀pá: èkíní kò wúlò láìsí èkejì. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn ará Íńdíà àtijọ́ tọ̀. Jyā tí wọ́n lò, ọsán ọrun ni ó túmọ̀ sí.

Ewu kan wà nínú kíkọ rẹ̀. Láìsí àmì ohùn, ọsán lè di ọ̀sán tàbí ọsàn. Ọrun lè di ọ̀run tàbí ọrùn. Àwọn Lárúbáwá gba jyā, wọ́n pè é ní jiba, wọ́n sì kọ ọ́ láìsí fáwẹ̀lì. Ní ọ̀rúndún kejìlá, àwọn tí ó túmọ̀ ìwé wọn sí èdè Látìnì kà á sí jayb, ìṣẹ́po aṣọ, wọ́n sì kọ sinus. Àṣìṣe náà kò tíì kúrò nínú ìwé ìṣirò títí di òní.

Igun dígírì 90 ni ìkejì. Ẹni tí ó bá pè é ní "igun ọ̀tún" túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò túmọ̀ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá igun òsì kiri. Ògiri tí ó dára a máa dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀. Nítorí náà, igun ṣánṣán ni ó yẹ.

Ẹ fi ìbéèrè kan dán an wò. Ìdábùú òbìrìkìtì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 26. Ọsán kan nínú rẹ̀ jẹ́ 24. Báwo ni ọsán náà ti jìnnà sí àárín gbùngbùn tó? Euclid fi hàn nínú Ìwé Kẹta Elements pé ìlà tí ó ti àárín wá, tí ó sì dúró ṣánṣán lórí ọsán, pín ọsán náà sí ọgbọọgba. Ìdajì ọsán jẹ́ 12. Ìdajì ìdábùú, 13, ni ó kọjú sí igun ṣánṣán. 13 lọ́nà 13 jẹ́ 169. 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 25. Ìdáhùn ni sẹ̀ǹtímítà 5.

Ọ̀nà mìíràn wà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ìdábùú láti orí kan ọsán, kí ó sì so òpin ìdábùú náà mọ́ orí kejì ọsán. Igun tí ó wà nínú ìdajì òbìrìkìtì jẹ́ igun ṣánṣán. 676 dín 576 jẹ́ 100, ẹ̀gbẹ́ kẹta sì jẹ́ 10, ìlọ́po méjì 5.

Bí olùkọ́ bá wí pé ọsán, tí òǹkọ̀wé kọ okùn, tí olùṣètò ìdánwò sì lo ọ̀rọ̀ kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìṣirò yìí dáadáa lè kùnà rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánwò.